Ilẹ̀ Kì í Dọ́gba: Ohun Tí Ẹ̀rọ Awárin Kọ́ Mi Ní Òṣogbo

Ìyá kan sunkún lójú mi nítorí ohun tí mo sọ, ohun tí mo sọ náà kì í sì í ṣe òótọ́. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ mi ló dákẹ́, èmi náà bá sọ pé kò sí nǹkan kan nínú ilẹ̀.

Iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀ ni mò ń ṣe. Ọmọ iṣẹ́ ni mo ṣì jẹ́ nígbà náà, èmi ni mo máa ń ru irinṣẹ́, tí mo máa ń ṣán koríko, tí mo máa ń fa téèpù. Nígbà tó yá, ọ̀gá mi ra ẹ̀rọ awárin kan ní àlòkù, èyí tí wọ́n ń pè ní metal detector. Ọ̀pá gígùn kan ni, àwo rìbìtì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, àpótí kékeré tó ní bọ́tìnnì àti ojú tó ń gbé nọ́ńbà jáde wà lókè. Nítorí bíkíìnì la ṣe rà á. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí yóò mọ bíkíìnì: òpó kọnkéré kékeré tí sọ̀fíyọ̀ máa ń rì mọ́ igun ilẹ̀, tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, tí ọ̀pá irin sì wà láàárín rẹ̀. Òṣogbo ti fẹ̀ gan-an látìgbà tó ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1991. Oko tí wọ́n wọ̀n láyé ijọ́un ti di àdúgbò. Àgbàrá ti wọ́ erùpẹ̀ bo bíkíìnì mìíràn mọ́lẹ̀, katakata ti ti ilẹ̀ lé òmíràn lórí, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ló hú wọn dànù lóru. Bí a bá rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ìjà tó ti wà nílẹ̀ láti ogún ọdún lè parí ní ọ̀sán kan.

Ilẹ̀ ìyá yìí wà lẹ́yìn ìlú, lọ́nà Ọ̀kinni. Opó ni. Ẹni tó bá a pààlà ní ilẹ̀ òun wọ inú tirẹ̀, ó sì ti kó búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ láti mọ ògiri. A ti rí bíkíìnì mẹ́ta, ìkẹrin ni a ò rí, òun gan-an ló sì wà ní igun tí wọ́n ń jà sí. Ọ̀gá mi ní ìpàdé lọ́jọ́ náà, ó ní kí n máa lọ.

Ilẹ̀pa ni gbogbo ibẹ̀, ó pọ́n bí ẹni da epo sí i, yangí sì ń yọ orí jáde níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Bí mo ṣe tan ẹ̀rọ tí mo gbé àwo sún mọ́ ilẹ̀ báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹyẹ ẹ̀gà. Gbogbo ibi tí mo bá yí sí, ariwo ni. Mo ti wo fídíò kan níbi tí ọkùnrin kan ti ní bí ariwo bá ti pọ̀ jù, kí a gbé discrimination sókè. Bọ́tìnnì tí a fi ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó má ka irú irin kan sí nìyẹn. Mo gbé e sókè díẹ̀, ariwo dín kù. Mo tún gbé e sókè, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Inú mi dùn. Mo rin ilẹ̀ náà ní ìbú àti òró fún bíi wákàtí méjì, kò dún.

Ìyá náà bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ó dá ẹ lójú?"

Mo ní, "Ó dá mi lójú, mà. Kò sí bíkíìnì níbí."

Ibẹ̀ ló ti sunkún.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn náà, àwọn lébìrà tó ń gbẹ́ fáǹdéṣọ̀n ògiri oní-búlọ́ọ̀kù yẹn sọ dígà mọ́ kọnkéré. Bíkíìnì ni. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ nínú ilẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ṣì hàn kedere, ibi tó wà kò sì ju ìṣísẹ̀ méjì lọ sí ipa ẹsẹ̀ mi. Ó ku ọjọ́ méjì kí ìyá náà fọwọ́ sí ìwé pé òun fara mọ́ ààlà tuntun. Ọlọ́run ló yọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Mo padà lọ bá a. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, ó bu omi fún mi mu. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀gá mi tó wá tún un rì, mo fẹ́ da erùpẹ̀ bò ó padà, kí n sì fi ẹ̀rọ wá a."

"O fẹ́ wá ohun tí o ti mọ ibi tó wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo fẹ́ mọ ìdí tí mi ò fi gbọ́ ọ."

Ó gbé àpótí ìjókòó síta, ó jókòó tì mí títí oòrùn fi wọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ iṣẹ́ yìí. Gbogbo ohun tí mo ti mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, orí rẹ̀ ni mo kọ́ ọ lé.

Mo kọ́kọ́ tò ó bí mo ṣe tò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú discrimination lókè. Mo gbé àwo sórí bíkíìnì gan-an, kò dún. Mo dúró lórí ohun tí mo fi ojú mi rí, tí mo fi ọwọ́ mi bò, ẹ̀rọ ní kò sí níbẹ̀. Ó wá yé mi: irin ni ohun tó wà nínú bíkíìnì, irin ni mo sì ní kí ẹ̀rọ má kà sí. Mo di ẹ̀rọ lẹ́nu, mo wá pe ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀rí. Mo gbé discrimination wá sí òdo. Ariwo ẹ̀gà padà dé, mi ò sì lè ya ohùn bíkíìnì kúrò lára ohùn ilẹ̀. Nígbà náà ni mo ṣí ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, tí ọ̀gá mi ti ń sọ fún mi látọjọ́ yìí pé kí n kà, mo sì rí ọ̀rọ̀ kan tí mo ti fò dá: ground balance.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Wáyà tó wé mọ́ inú àwo ń rán agbára bíi ti òòfà sínú ilẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí agbára yìí bá kan irin tàbí bàbà, iná tín-ín-rín kan á máa yí kiri nínú nǹkan náà, á sì dá èsì padà, wáyà kejì tó wà nínú àwo á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irin tí èèyàn rọ nìkan ló ń dáhùn. Ilẹ̀pa wa yìí, ìpẹtà irin ló sọ ọ́ di pupa. Níbi tó bá ti gan di yangí, irin inú rẹ̀ tún pọ̀ sí i. Nítorí náà, gbogbo ilẹ̀ ló ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bíkíìnì sì wà láàárín wọn bí ẹni tó ń dá ọmọ rẹ̀ lóhùn láàárín ọjà Ìgbọ̀nà lọ́jọ́ ọjà.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé àkókò tí èsì ilẹ̀ fi ń padà yàtọ̀ díẹ̀ sí àkókò tí èsì irin rírọ fi ń padà. Ground balance ni a fi ń sọ fún ẹ̀rọ pé èsì tó bá dé ní àkókò báyìí, ti ilẹ̀ ni, kó fi sílẹ̀. Èmi ń pè é ní bíbá ilẹ̀ rẹ́. A ó wá ojú ibi tí kò sí irin kankan. A ó gbé àwo sókè tó ẹsẹ̀ bàtà kan, a ó sọ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi ku bí ìka méjì sí ilẹ̀, a ó tún gbé e sókè, a ó máa ṣe é bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń gúnyán díẹ̀díẹ̀. Bí ohùn bá ń ròkè nígbà tí àwo ń lọ sílẹ̀, tàbí tó ń ròkè nígbà tí àwo ń bọ̀ lókè, wọn ò tíì rẹ́. A ó máa yí bọ́tìnnì náà títí ohùn lílọ àti ohùn bíbọ̀ yóò fi dọ́gba. Lára àwọn ẹ̀rọ mìíràn, a kàn máa di bọ́tìnnì kan mú ni bí a ṣe ń gbé àwo sókè sódò, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ wá nọ́ńbà rẹ̀.

Ní ilẹ̀ ìyá náà, nọ́ńbà yẹn dúró sí 71. Lórí irú ẹ̀rọ tí a ní, nọ́ńbà ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó parí sí 99. Ilẹ̀ amọ̀ onírin, ì báà jẹ́ pupa tàbí rúsúrúsú, sábà máa ń wà láàárín 40 sí 75. Ilẹ̀ tó bá ní iyanrìn dúdú tí òòfà ń fà a máa ju 75 lọ. Ilẹ̀ oníyọ̀ tó tutù a máa sún mọ́ òdo. (Ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ mìíràn, kó wo ìwé tirẹ̀, ònkà wọn kì í bára mu. Kí ó má sì fi nọ́ńbà ilẹ̀ pe nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń kọ fún irin tó rí. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.)

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ilẹ̀ rẹ́, ariwo ku díẹ̀. Mo wá fọwọ́ kan sensitivity, èyí tí mo máa ń pè ní etí ẹ̀rọ. Mo ti fi í sí 90 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí mo rò pé etí tó bá ṣí jù lọ ló máa gbọ́ jù lọ. Níbi tí irin pọ̀ nínú ilẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí etí bá ṣí jù, ilẹ̀ ló máa kún inú rẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí 80, sí 70. Nígbà tó dé 65, mo gbé àwo kọjá lórí bíkíìnì, mo gbọ́ ohùn kan tó rẹlẹ̀, tó kúrú. Mo gbé e kọjá padà, ó tún dún, níbì kan náà. Mo yí sí ẹ̀gbẹ́, mo gbé e kọjá láti ọ̀nà kejì, ó tún dún. Ilẹ̀ a máa parọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í parọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin níbì kan náà. Ìyá náà gbọ́ ọ láti orí àpótí rẹ̀. Ó ní, "Ṣé òun nìyẹn?" Mi ò lè dáhùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń mú ìwé àkọsílẹ̀ dání. Ibi tí mo lọ, irú ilẹ̀ tí ó jẹ́, bóyá òjò rọ̀ tàbí ọyẹ́ ni, nọ́ńbà ilẹ̀, ibi tí mo fi etí ẹ̀rọ sí. Mo tún gé ọ̀pá irin kan bíi ti inú bíkíìnì, mo sì ní kọ́bọ̀ oníhò kan tí ìyá ìyá mi fún mi, ti ayé òyìnbó. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbikíbi, mo máa ń ri ọ̀pá yẹn sí ẹsẹ̀ bàtà kan, mo sì máa ń wò ó bóyá ẹ̀rọ gbọ́ ọ. Bí kò bá gbọ́ èyí tí mo rì, kí ni mo fẹ́ fi sọ nípa èyí tí mi ò rì?

Ohun tí mo rò lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo ti gba nọ́ńbà Òṣogbo: 71. Odò ló kọ́ mi pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kadà kan fọ ọ̀kadà rẹ̀ létí Ọ̀ṣun, nítòsí afárá Gbódófọ̀n, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jábọ́ sínú iyanrìn. Mo gbé ẹ̀rọ lọ pẹ̀lú 71 mi, ẹ̀rọ pariwo bíi pé mo gbé e sórí páànù. Ẹ bá mi wo iyanrìn etí odò dáadáa lẹ́yìn tí àkúnya bá lọ: ìlà dúdú wà nínú rẹ̀, tín-ín-rín, omi ló tò ó bẹ́ẹ̀ nítorí ó wúwo ju iyanrìn funfun lọ. Mo yọ òòfà inú spíkà tó ti bàjẹ́, mo wọ́ ọ kọjá lórí rẹ̀, ó yọ irùngbọ̀n dúdú. Irin inú òkúta ni omi ti lọ̀ kúnná. Ilẹ̀ ibẹ̀ wá fún mi ní 86. Bí mo ṣe rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kúrò létí omi, tí mo bọ́ sórí ilẹ̀ àkùrọ̀, ó ti di 62. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré!

Láti ìgbà náà ni òòfà spíkà yẹn ti ń gbé nínú àpò mi. Mo máa ń wọ́ ọ nílẹ̀ kí n tó tan ẹ̀rọ rárá. Bí kò bá mú nǹkan kan, ọkàn mi á balẹ̀. Bó bá yọ irùngbọ̀n, mo mọ̀ pé etí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wálẹ̀, pé màá fi àwo kékeré rọ́pò ńlá, kí ìwọ̀n ilẹ̀ tó ń rí lẹ́ẹ̀kan lè kéré, pé màá gbé àwo sókè díẹ̀ sí ilẹ̀, màá sì rọra rìn.

Níbi odò yẹn kan náà ni mo ti rí ewu tó wà nínú kí ẹ̀rọ máa fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé ilẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ń pè ní tracking. Bí a bá tàn án, bí ilẹ̀ bá ṣe ń yí ni ẹ̀rọ á máa yí nọ́ńbà rẹ̀. Ìrọ̀rùn ńlá ni fún ẹni tó ń rin ibi tí ilẹ̀ ti ń yí ní gbogbo ìgbà, mo sì tàn án lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ohùn kan dáadáa. Mo dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo lọ síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀ kí n lè mọ àárín rẹ̀. Ohùn náà ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, ó parẹ́. Ẹ̀rọ ti rò pé ohun tí mò ń fi hàn án léraléra yìí, ara ilẹ̀ ni, ó sì ti bá a rẹ́. Mo pa tracking, mo lọ bá ilẹ̀ rẹ́ níbòmíràn, mo padà wá, ohùn dé. Kọ́kọ́rọ́ ni, mẹ́rin lórí òrùka kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ nísàlẹ̀ iyanrìn.

Ibi tí wọ́n ti dáná ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, torí kò sí agbo ilé tí wọn kì í ti í dáná. Ìyàwó tuntun kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun bọ́ òrùka wúrà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ nígbà tó ń bá wọn fọ àwo lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó, ẹnì kan da omi abọ́ nù, òrùka sì bá a lọ. Ojú ibi tí wọ́n ti gbé ìkòkò ìsebẹ̀ kaná ni, láti ayé àwọn ìyá ìyá wọn. Iná a máa yí ilẹ̀pa padà. Bí ilẹ̀ pupa bá ti jóná pẹ́, apá kan nínú ìpẹtà rẹ̀ á di irú èyí tí òòfà ń fà. Ohun tí òòfà mi ò mú lẹ́nu ọ̀nà, ó mú un lábẹ́ ààrò. Nọ́ńbà ilẹ̀ jẹ́ 68 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó jẹ́ 80 ní ojú ààrò, gbogbo rẹ̀ kò sì ju ìṣísẹ̀ méjì síra. Bí a bá bá ti ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ́, ojú ààrò á máa dún bíi pé ìṣúra wà níbẹ̀. Bí a bá bá ti ojú ààrò rẹ́, ohun kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Òrùka wúrà tín-ín-rín sì rèé, kì í ṣe ọ̀pá irin. Irú rẹ̀ kì í dún sókè, nínú ilẹ̀ onírin nọ́ńbà rẹ̀ a sì máa yọ̀ sí ìsàlẹ̀ títí yóò fi jọ ti ìṣó. Ẹni tó bá ti gé ìṣó kúrò, ó ti gé òrùka kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Mo fi discrimination sí òdo, mo pín ojú ibẹ̀ sí mẹ́fà pẹ̀lú okùn, mo sì bá ilẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan rẹ́ lọ́tọ̀. Gbogbo ohun tó dún ni mo gbẹ́. Mo gbẹ́ ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí n ò lè ka iye rẹ̀, ìṣó, etí páànù, ṣíbí kan tí ìyá àgbà ní òun ti wá láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí òrùka tó jáde, ẹrẹ̀ bò ó, ní etí eérú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ pariwo ayọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki mí ní oríkì ìdílé tí kì í ṣe tèmi. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n ń kì wá, ìyẹn náà sì wà nínú ilẹ̀. Agbo ilé kan wà tí àwọn ìyá ti ń rẹ aró láti ìran dé ìran. Eérú ni wọ́n fi ń ṣe omi kíkan tí wọ́n ń pò mọ́ ewé ẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ọdún ni omi yẹn sì ti ń ro sílẹ̀ níbì kan náà. Mo dé ibẹ̀ ní àárín òjò, bíkíìnì la tún ń wá. Nọ́ńbà ilẹ̀ wálẹ̀ dé 14, mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Omi eérú ń ṣe nínú ilẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń ṣe: bó bá ti tutù, òun fúnra rẹ̀ ń gbé iná, ó sì ń dáhùn. Mo jà á lọ́jọ́ náà títí ó fi rẹ̀ mí, mo wá sọ fún ọ̀gá pé kí a dúró de ọyẹ́. Ní oṣù Kínní, tí ilẹ̀ ti gbẹ táútáú, nọ́ńbà ti gòkè padà sí bíi ti ilẹ̀pa yòókù, ariwo sì ti lọ sílẹ̀. A rí bíkíìnì náà láàárín wákàtí kan. Nínú ilẹ̀pa lásán, ní ìrírí tèmi, òdì kejì rẹ̀ ni: ọjọ́ kejì òjò, tí ilẹ̀ tutù délẹ̀ tí omi ò dúró lójú rẹ̀, ni mo máa ń gbọ́ ohun tó jìn jù lọ. Èmi kì í gba iṣẹ́ kankan nínú ọgbà aró mọ́ nígbà òjò. Ẹni tó bá kánjú, kó wá ẹlòmíràn.

Ariwo mìíràn wà tí kò ti inú ilẹ̀ wá rárá. Ní ìlú yìí ni National Control Centre wà, ibi tí wọ́n ti ń darí ọ̀nà iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà, àwọn wáyà ńlá sì ń wọ ìlú láti ọ̀nà púpọ̀. Lábẹ́ wọn, ẹ̀rọ á máa wárìrì kódà nígbà tí a bá gbé àwo dání lófuurufú. Bí a ṣe ń dá a mọ̀ nìyẹn: ẹ gbé àwo kúrò nílẹ̀, ẹ dúró jẹ́. Bó bá ṣì ń ké, kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, bíbá ilẹ̀ rẹ́ ò sì lè wò ó sàn. Ẹ gbé fóònù jìnnà, ẹ yí frequency ẹ̀rọ padà (iye ìgbà tó ń rán agbára rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) bó bá ṣeé yí, ẹ sọ etí rẹ̀ kalẹ̀. Láàárín àdúgbò, mo ti jókòó sórí búlọ́ọ̀kù rí, tí mò ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa mú iná lọ kí n lè ṣiṣẹ́.

Àwọn èèyàn tún máa ń bi mí nípa Igbó Ọ̀ṣun. Wọ́n á ní ohun ayé àtijọ́ á wà níbẹ̀, pé kí n gbé ẹ̀rọ wọlé. Mi ò ní gbé e wọbẹ̀. UNESCO fi igbó náà sí ara ogún àjọni àgbáyé ní 2005, òfin Nàìjíríà sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ilẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba àṣẹ àjọ tó ń mójú tó àwọn musíọ́ọ̀mù. Ká tilẹ̀ ní kò sí òfin, ohun tí a fún odò kì í ṣe ohun tó sọnù. Ohun tí ẹni tó ni ín ń wá nìkan ni èmi ń wá.

Iṣẹ́ tó nira jù fún mi títí di òní ni ti ọdún tó kọjá. Àwọn ẹbí kan fẹ́ pín ogún, bíkíìnì kan ló kù tí wọn ò rí, ibi tó sì yẹ kó wà bọ́ sí ojú àgbẹ̀dẹ bàbá wọn àgbà. Ẹwìrì ti lọ, ọmọ owú ti lọ, àmọ́ ìdàrọ́ ṣì wà nínú ilẹ̀ níbi gbogbo, dúdú, ó kún fún ihò bí afárá oyin, irin ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Iná ọ̀pọ̀ ọdún ti sun ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìpẹ́pẹ́ irin tó ń fò nígbà tí wọ́n bá ń lù ú ti pò mọ́ erùpẹ̀. Òòfà mi wúwo bí mo ṣe gbé e sókè.

Mo fi ọjọ́ méjì ṣe é. Mo lo àwo kékeré. Mo bá ilẹ̀ rẹ́ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà náà ń fò láti 78 sí 93 bí ẹni tí ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Mo sọ etí ẹ̀rọ kalẹ̀ dé 40. Mo ri ọ̀pá ìdánwò mi sí ẹsẹ̀ bàtà kan, mi ò gbọ́ ọ. Mo fà á sókè sí ìdajì ẹsẹ̀ bàtà, mi ò gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé irú ẹ̀rọ kejì wà, Pulse Induction, tí ilẹ̀ onírin kì í fi bẹ́ẹ̀ dà láàmú, àwọn tó ń wá wúrà sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ ya irin sọ́tọ̀, gbogbo ìdàrọ́ àti ìṣó tó wà níbẹ̀ ni ìbá máa pè, a ò sì ní in lọ́nàkọnà.

Ẹ̀gbọ́n àgbà ẹbí náà dúró tì mí lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Ṣé kí a kọ ọ́ pé kò sí níbẹ̀ ni?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé ilẹ̀ ibí yìí ò jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ràn. Bó wà, bí kò sí, mi ò mọ̀."

"A ti sanwó fún ọ láti mọ̀."

Mo yọ owó náà lápò, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn. Wọn ò gbà á. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wo ilẹ̀ àgbẹ̀dẹ bàbá wọn, wọ́n wá ní kí àwọn ọmọkùnrin inú ilé lọ gbé dígà àti ṣọ́bìrì wá. Ọ̀gá mi wọn ibẹ̀ láti ara bíkíìnì mẹ́ta tó kù, ó fi èèkàn àti okùn sàmì sójú ibẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Èmi náà bọ́ ẹ̀wù mi, mo bá wọn kó ìdàrọ́.